Sẹ́tíǹgì Àná Lójú Àlejò Òní: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Kámẹ́rà Mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Fọ́tò márùn-ún ni mo yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, ní agbo ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé fún ẹnikẹ́ni. Mo ti tún àwọn fáìlì náà wò lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ohun tí mo kọ fún un yẹn ni mo ń tẹ́ sílẹ̀ níbí fún gbogbo ẹni tó ń gbé kámẹ́rà kiri, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé sẹ́tíǹgì àná sùn tó sì ń gbé e jí.

Iṣẹ́ òkú ni wọ́n pè wá sí. Màmá tó lọ náà dàgbà dáadáa, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ, ó gbé àtọmọdọ́mọ lé ẹsẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ló bá wa sọ̀rọ̀ owó: àìsùn ní alẹ́ Jímọ̀, ìsìn àti ìsìnkú ní Sátidé, àsè lẹ́yìn náà. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbéra ní Adó-Èkìtì ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ ló wà, ṣùgbọ́n Àǹtí ní kí á sùn sí ilé wọn kí á má baà máa rin ìrìn òru.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀

Abẹ́ kánópì níwájú ilé ni wọ́n ti ṣe àìsùn náà. Gílóòbù mẹ́rin tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé ni gbogbo iná tó wà níbẹ̀. Mo yí róbótó orí kámẹ́rà sí M, níbi tó jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni gbogbo nǹkan wà. Mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ di púpọ̀, lọ sí 6400. Mo la ojú lẹ́ǹsì dé f/2.8, kò sì lè là ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ṣọ́tà sí 1/60, pé kí ó ṣí fún ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Mo yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sí ti gílóòbù kí ara àwọn èèyàn má baà pọ́n bí epo pupa.

Nígbà tó ṣe, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í wá fókọ́ọ̀sì kiri nínú òkùnkùn. Lẹ́ǹsì ń lọ, ó ń bọ̀, kò rí nǹkan kan dì mú. Ni mo bá ti bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì láti AF, níbi tí kámẹ́rà ti ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, sí MF, mo fọwọ́ ara mi gbé fókọ́ọ̀sì lé ibi tí àwọn akọrin dúró sí, nǹkan bíi mítà mẹ́wàá sí mi. Mo fi í síbẹ̀ di òpin.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbogbo ohun tí mo ṣe yẹn. Fọ́tò àìsùn náà dára, inú ìdílé náà sì dùn sí i. Aago méjì òru ti kọjá nígbà tí a palẹ̀ mọ́. Mo yọ mẹ́mọ́rì káàdì, mo fi èyí tó ṣófo sí i. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pa kámẹ́rà, mo kó o sí báàgì, mo sùn. Lójú ara mi, mo ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Àyè wà nínú káàdì, agbára wà nínú bátìrì. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń pè ní ìmúrasílẹ̀ nígbà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé

Ọyẹ́ ti wọlé. Nígbà tí a jáde síta, eruku bo ojú òkè Olósùnta tó fi dà bí òjìji, oòrùn ti yọ ṣùgbọ́n kò tíì rí ara. Aago mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ wa yóò bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo ń jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ tí wọ́n gbé fún wa, báàgì kámẹ́rà wà lẹ́sẹ̀ mi.

Bàbá kan jókòó sórí àga ní òdìkejì, ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ́kùnrin. Nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, òun àti àbúrò wọn obìnrin kan tó ń gbé Jos nìkan ló kù láyé. Àǹtí ti sọ fún mi lálẹ́ àná pé àbúrò náà kò ní lè wá. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọ̀nà sì jìn. Ó tó ọdún mọ́kànlá tí òun àti Bàbá ti fojú kanra.

Takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sí òdìkejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì di Màmá arúgbó kan lọ́wọ́ mú kó fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé náà. Bàbá gbójú sókè. Ó dìde. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò fi sílẹ̀ láti àná tí mo ti ń rí i, ó sì ń rìn lọ síwájú láìsí ọ̀pá. Màmá náà ti ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá nawọ́ mú un ní apá méjèèjì kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì. Mo yọ kámẹ́rà, mo tan án, mo gbé e sójú, mo tẹ̀ ẹ́.

Inú àwọn fáìlì

Lẹ́yìn tí a padà sí Adó ni mo tó jókòó ti àwọn fáìlì náà lórí láptọ́ọ̀pù. Kámẹ́rà máa ń kọ sẹ́tíǹgì tí a fi ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ́ inú fáìlì, pẹ̀lú aago. Ohun tí mo rí nìyí.

Èkíní, aago 7:41 kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. ISO 6400, f/2.8, 1/60. Ó funfun báláú, bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí. Mo wọn irú ìmọ́lẹ̀ yẹn ní àárọ̀ ọyẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà: ISO 100, f/5.6 àti 1/125 ló tó o. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. ISO 6400 sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po 64 ti ISO 100. Ojú lẹ́ǹsì tó là dé f/2.8 gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí f/5.6 ń gbà. Ṣọ́tà 1/60 ṣí pẹ́ ju 1/125 lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹ sọ 64 di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 512 ni yóò jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú fọ́tò yẹn jẹ́ ìlọ́po 512 ohun tó yẹ kó wọ̀ ọ́.

RAW ni mo fi yà á, ìyẹn fáìlì tó ń pa ohun tí kámẹ́rà rí mọ́ láìtún un ṣe, ọ̀pọ̀ ló sì ń rò pé RAW lè tún ohun gbogbo ṣe. Àwọ̀ gílóòbù tí mo fi sílẹ̀ láti òru, tí ìbá sọ ojúmọ́ di búlúù, RAW lè tún un ṣe láìsí wàhálà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ó lè fà á padà. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kún ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran títí ó fi ṣàn jáde, kò sí àkọsílẹ̀ kankan lábẹ́ funfun yẹn tí a lè hú jáde. Ibẹ̀ ṣófo.

Ìkejì, ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn èyí. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rí ohun tó wà nínú èkíní.

Ìkẹta, ìṣẹ́jú àáyá kejìlá. Èyí ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Mo ti rí funfun náà lójú kámẹ́rà, mo sì yára yí róbótó kúrò ní M sí Av, níbi tí èmi yóò ti yan ojú lẹ́ǹsì tí kámẹ́rà yóò sì wá ṣọ́tà tó bá a mu. (Canon ni kámẹ́rà mi, lórí Nikon àti Sony, A ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.) Mo rò pé ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n róbótó kì í gbé ISO kúrò níbi tí a fi í sí. ISO ṣì wà ní 6400, ojú lẹ́ǹsì ṣì wà ní f/2.8. Kí kámẹ́rà tó lè bá ìmọ́lẹ̀ yẹn dọ́gba, ó ní láti rí ṣọ́tà tó yára tó nǹkan bíi 1/30,000. Tèmi kò lè kọjá 1/4000. Ó ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, nọ́ńbà 4000 ń ṣẹ́jú sí mi nínú ihò tí mò ń yọjú wò, mi ò kà á sí. Ìmọ́lẹ̀ ṣì fi ìlọ́po mẹ́jọ pọ̀ jù. Ojú Bàbá hàn fírífírí níbẹ̀ nítorí pé ó dúdú, aṣọ àti ìta ti lọ pátápátá, kò sì sí ohun kan tó mú.

Ìkẹrin, ìṣẹ́jú àáyá kẹrìnlá. Mo ti sáré yí róbótó lọ sí àmì àwọ̀ ewé, níbi tí kámẹ́rà ti ń ṣe ohun gbogbo fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wá pé. Àwọ̀ pé. Bí ẹ bá wo fọ́tò náà láti òkèèrè, ẹ ó rò pé a rí i mú. Ẹ sún mọ́ ọn: ojú àwọn àgbàlagbà méjèèjì ṣe bàìbàì bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì tí èéfín bò. Ohun tó mú kedere, tí ẹ lè ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ni nọ́ńbà takisí tó dúró lẹ́yìn wọn. Mítà mẹ́rin ni wọ́n wà sí mi. Fókọ́ọ̀sì ṣì wà ní mítà mẹ́wàá, níbi tí àwọn akọrin dúró sí lóru. Àwọ̀ ewé kò lágbára lórí bọ́tìnnì tó wà lára lẹ́ǹsì. Ọwọ́ èèyàn ló ń tì í, ọwọ́ èèyàn náà ló lè dá a padà.

Ìkarùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá kẹtàdínlógún. Mo ti rí bọ́tìnnì náà, mo ti dá a padà sí AF. Ìmọ́lẹ̀ pé, fókọ́ọ̀sì mú. Ẹ̀yìn obìnrin mẹ́ta àti gèlè kan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé ti ya bò wọ́n.

Ẹ̀bi mẹ́rin ló wà nínú báàgì yẹn: ISO, ojú lẹ́ǹsì, ṣọ́tà àti fókọ́ọ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń rí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń tú wọn, bí ẹni tó ń tú okùn lọ́rùn ẹran nígbà tí iná ti ń jó ilé. Bí mo bá ti yí M lọ tààrà sí àwọ̀ ewé, fókọ́ọ̀sì ì bá ṣì dá mi dúró. Bí fókọ́ọ̀sì bá wà ní AF, ISO ì bá ti bà á jẹ́. Kò sí ọgbọ́n tí ọwọ́ lè dá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án tó lè borí ohun tí mi ò ṣe lóru nígbà tí àkókò wà.

Fóònù ọmọbìnrin náà

Àǹtí ti rí mi tí mo gbé kámẹ́rà sójú. Ó wá bá mi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. “Ẹ rí i yà, àbí, Bọ̀dá Onífọ́tò?” Mo sọ òtítọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kámẹ́rà mi kò múra sílẹ̀. Mi ò rí i mú.” Kò bá mi jà. Ó dákẹ́, ó wo ibi tí Bàbá àti àbúrò rẹ̀ jókòó sí, ó ní, “Ó dáa náà.” Ó dùn mí ju kó pariwo lé mi lórí lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ ọmọ olóògbé kan, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, mú fóònù rẹ̀ wá. Orí àtẹ̀gùn ilé ló jókòó sí nígbà tí takisí náà dé. Ó ti yà á. Bàbá nawọ́, Màmá kò tíì kúnlẹ̀ tán, ọ̀pá wà nílẹ̀. Kò tóbi, ó ní rírú díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ síta fún wọn, mo fi férémù sí i, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Mo rò ó púpọ̀. Ọmọ yẹn kò mọ ISO, kò sì yára jù mí lọ. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé fóònù máa ń gbàgbé. Bí o bá ti ya fọ́tò òru tán tí o pa á, tí o tún ṣí i láàárọ̀, kò rántí òru mọ́. Ojúmọ́ tó bá níwájú ló ń wò. Kámẹ́rà tiwa kì í gbàgbé. Ibi tí o bá fi í sí ló máa ń bá ọ jí. Ohun tó jẹ́ agbára rẹ̀ nìyẹn nígbà iṣẹ́, ohun náà ló sì di ìdẹkùn láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn.

Nínú Ìkẹ́rẹ́ kan náà yìí, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ó gbẹ́ bí Ògògà ṣe jókòó gba àlejò òyìnbó tí wọ́n gbé wọ̀lú. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Mo máa ń ronú kan ọkùnrin yẹn. Àlejò náà ti dé, ó ti lọ, agbẹ́gilére sì lè jókòó ti igi rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kó fa ìrísí náà jáde látinú ọkàn. Àwa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá wọ inú kámẹ́rà ní àkókò tó ṣẹlẹ̀, kò sí igi tí a ó gbẹ́ ẹ sí.

Ìdúró àlejò

Nílé wa, ìyá mi kì í jẹ́ kí iṣu tán pátápátá nínú abà, nítorí àlejò kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Orúkọ tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wá fún sẹ́tíǹgì tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa wà nínú rẹ̀ nígbàkigbà tí a kò bá lò ó ni ìdúró àlejò. Kì í ṣe sẹ́tíǹgì tó dára jù fún iṣẹ́ kankan. Èyí tí kò ní jẹ́ kí ohun tó bá yọ lójijì bàjẹ́ ni.

A fi í sí Av, f/5.6. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí ló dé tí a kò fi í sí f/2.8 kí ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn lè ṣe bàìbàì bí gbogbo èèyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kó wo èèyàn méjì tó ń dì mọ́ra: ojú ọ̀kan súnmọ́ ọ ju ti èkejì lọ, f/2.8 sì lè mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. f/5.6 máa ń fún wa ní àyè díẹ̀ láti ṣe àṣìṣe. ISO wà lọ́wọ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀, láti 100 dé 6400, a sì sọ fún un pé kó gbé ISO sókè kó tó jẹ́ kí ṣọ́tà lọ sílẹ̀ ju 1/250 lọ, nítorí pé ẹni tó ń sáré tàbí tó ń jó kò ní dúró de 1/60. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ kámẹ́rà. Fókọ́ọ̀sì ń tẹ̀lé ẹni tó ń rìn. Bí a bá di bọ́tìnnì mú, kó máa ya fọ́tò lọ léraléra, kó má ṣe yà ẹyọ kan kó dúró.

Ohun kan wà tí ìwé tó bá kámẹ́rà wá kò sọ fún wa, tí iṣẹ́ òde nílẹ̀ yìí kọ́ wa. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní àárín, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Bí léèsì funfun bá kún ojú rẹ̀, yóò fa gbogbo fọ́tò wálẹ̀, ojú ẹni tó wọ léèsì náà yóò sì dúdú tí ẹ ò ní rí ẹ̀rín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí bí èèyàn bá dúró lójú sánmà ọyẹ́. Nítorí náà a fi ìdá méjì nínú mẹ́ta sítọ́ọ̀pù kan (sítọ́ọ̀pù kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀) kún ìmọ́lẹ̀ nínú ìdúró àlejò náà. Ojú èèyàn ni mo fẹ́ rí. Bí sánmà bá funfun díẹ̀, kò burú.

Kámẹ́rà wa ní ibi tí a lè pa gbogbo èyí mọ́ sí, C1 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Nikon ní U1, àwọn Sony kan ní nọ́ńbà 1. Bí a bá ti yí róbótó síbẹ̀, ohun gbogbo padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: nínú àwọn Canon kan, ètò kan wà tó máa ń pa àyípadà tí ẹ bá ṣe nínú C1 mọ́ láìbéèrè. Bí ìyẹn bá wà ní títàn, iṣẹ́ òru kan yóò ba ìdúró àlejò yín jẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ pa á. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò ní C tàbí U lè dá ohun gbogbo padà pẹ̀lú ọwọ́ kó tó gbé e sí báàgì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àkókò tí à ń dá a padà ṣe pàtàkì. A kì í dúró di àárọ̀. Gbàrà tí a bá ya fọ́tò tó kẹ́yìn tán, kí ọwọ́ tó kan bátìrì tàbí káàdì, róbótó gbọ́dọ̀ ti wà ní C1. Bí ó ti wù kí ó rẹ̀ wá tó. Òru tó rẹ̀ mí jù ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń san gbèsè rẹ̀ títí di òní.

Bí a ṣe dán an wò

Oṣù Jánúárì àti Fẹ́búárì ni a fi dán an wò. Nígbàkigbà tó bá wù mí, ní ṣọ́ọ̀bù, lójú ọ̀nà, níbi tí a ti ń jẹun, mo lè ké sí ọmọ iṣẹ́ mi pé “Mú un!”, tí n sì nawọ́ sí ohun kan. Yóò yọ kámẹ́rà, yóò yà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló gbà á. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ sẹ́tíǹgì: síìpù báàgì méjì, okùn kámẹ́rà tó lọ́, ọmọrí lẹ́ǹsì. A yọ ọmọrí náà kúrò pátápátá nígbà tí a bá wà lóde iṣẹ́, a fi roba ìbòjú síwájú lẹ́ǹsì dípò rẹ̀. Síìpù kan la máa ń fà. Kí Fẹ́búárì tó parí, ó ti dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ní Ìkọ́gòsí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, a ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ kan nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé kan dé. Ọmọkùnrin kan ti ẹsẹ̀ kan bọ omi ìhín, ẹsẹ̀ kejì bọ omi ọ̀hún, ó sì gbójú sókè, ó lanu sílẹ̀ tìyanu tìyanu. Ọmọ iṣẹ́ mi yà á kí n tó sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí á fi ránṣẹ́ sí òun. Mo wo sẹ́tíǹgì fọ́tò náà: f/5.6, 1/250, ISO 400. Ìdúró àlejò láìyí ohunkóhun padà.

Kò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ó sì yẹ kí n sọ ìyẹn náà. Nínú yàrá ìgbàlejò kan ní Ìyìn-Èkìtì, fèrèsé kan ṣoṣo, kọ́tìnnì nípọn, ìyá ìyàwó gbé ọmọ tuntun sókè tó ń rẹ́rìn-ín. ISO gòkè dé 6400, ó kan àjà, kò sí ibòmíràn tó lè lọ, ni kámẹ́rà bá jẹ́ kí ṣọ́tà sọ̀ kalẹ̀ dé 1/30. Ìmọ́lẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá àti orí ọmọ fà lọ bí àwọ̀ tí wọ́n fi ìka pa. Bí ó bá jẹ́ f/2.8 ni, ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni ì bá wọlé, ṣọ́tà ì bá sì wà ní nǹkan bíi 1/125, èyí tó tó fún irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a ní ìdúró kejì báyìí, ní C2, fún inú ilé: f/2.8, ṣọ́tà kò gbọ́dọ̀ kéré sí 1/125, ISO lè gòkè dé 12800. Bí a bá ti ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn, kí á tó kí wọn tán, àtàǹpàkò ti yí róbótó. Nígbà tí a bá ń jáde, ó padà.

Ti ìwọ́de ojú títì yàtọ̀ díẹ̀. Níbi tí èrò ti pọ̀, bíi nígbà ọdún Ùdírókò ní Adó, fókọ́ọ̀sì máa ń sá lọ bá orí ẹni tó bá kọjá níwájú. Níbẹ̀, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lo MF, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣirò. Bí lẹ́ǹsì bá wà ní 24mm, f/8, tí a gbé fókọ́ọ̀sì sí mítà méjì àbọ̀, lórí kámẹ́rà bíi tiwa tí ojú rẹ̀ tóbi tó fíìmù àtijọ́, ohun gbogbo láti bíi mítà kan àti díẹ̀ títí dé òkèèrè ló máa mú tó láti tẹ̀ síta. Kò sí pé à ń wá nǹkan kan mọ́. Gbé e sókè, tẹ̀ ẹ́.

Bọ́tìnnì AF àti MF yẹn ló ṣẹ́ kù. C1 kò lè dá a padà, C2 kò lè dá a padà. Lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́ ni a bá a ní MF láàárọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé róbótó wà níbi tó yẹ. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rí ojútùú rẹ̀. Ó gé téèpù dúdú kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì náà nígbà tó wà ní AF, lórí lẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ní. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ MF, a ó ṣí téèpù náà, a kò sì ní sọ ọ́ nù. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, láàárín ojú tí a fi ń wo fọ́tò gan-an, níbi tí yóò ti máa dí wa lójú ní gbogbo ìgbà iṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí téèpù bá ṣì wà lójú yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ fa síìpù báàgì.